Àdán Tí Ó Jẹ Gúáfà Yín: Ọmọ Ta Ni, Níbo Ni Ó Sì Ń Lọ?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá ráyè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí a bá ti kí ìrun Màgáríbì tán, ẹ dúró díẹ̀ ní Òkè Mápó kí ẹ gbójú sókè. Lókè àwọn òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà láti Ọjà'ba títí dé Bẹyẹrúnká, ẹ ó rí ohun dúdú kan tí ń fò bọ̀ jẹ́jẹ́, tí apá rẹ̀ gbòòrò ju ti àdàbà lọ, tí kò sì ké bí ẹyẹ. Òmíràn á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà mẹ́ta, lẹ́yìn náà ẹ kò ní lè kà wọ́n mọ́. Àdán ni wọ́n. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìyá ilé á bá àjẹkù gúáfà nílẹ̀ káàkiri àgbàlá, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè. Àwọn ọmọkùnrin á wá kànnàkànnà. Ẹlòmíràn á ní kì í ṣe ojú lásán, pé àjẹ́ ni wọ́n. Èmi kò ní bá a jiyàn lónìí, ṣùgbọ́n ohun tí àjẹ́ ń wá lórí igi gúáfà kò yé mi.

Ìbéèrè méjì ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nípa ẹranko yìí. Níbo ni ó ti ń bọ̀, níbo ni ó sì ń lọ? Ìkejì ni pé, ọmọ ta ni? Ṣé àdán Ìbàdàn jẹ́ ìdílé kan lọ́tọ̀, tí ti Ilé-Ifẹ̀ jẹ́ òmíràn, tí ti Accra jẹ́ òmíràn, gẹ́gẹ́ bí ará ilé kan kò ti jẹ́ ará ilé kejì? Ẹ má ṣe rò pé ìbéèrè ọmọdé ni. Àwọn onímọ̀ ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí rẹ̀, ìdáhùn tí wọ́n sì rí kan pákó tí a fi ṣe ilẹ̀kùn ilé yín, ó sì kan ìlera àwọn ọmọ yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ti ń wádìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí ẹranko kì í dáhùn ìbéèrè. Ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ẹranko kan wà tí ó jọ ajá igbó, coyote ni wọ́n ń pè é. Inú igbó àti pápá ni a mọ̀ ọ́n mọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wọ àárín ìlú, ó ń sùn lẹ́bàá títì ọkọ̀, ó sì ń pa eku jẹ. Láti ọdún 2000 ni Stanley Gehrt àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń mú wọn, wọ́n ti mú ju 1,000 lọ. Wọn kì í pa á. Wọn a so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ọn lọ́rùn, èyí tí yóò máa sọ ibi tí ó wà tọ̀sán tòru, wọn a sì gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀ kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ẹ̀rọ ọrùn ń sọ ìrìn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń sọ ìran rẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ara gbogbo ẹ̀dá alààyè ni ohun kan wà tí a ń pè ní DNA. Ó dà bí ìwé tí bàbá àti ìyá jọ kọ fún ọmọ, ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n kà yóò mọ ẹni tí ó bí ọmọ náà, àti ẹni tí ó bí àwọn òbí rẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ coyote 236 ni wọ́n ti rí i, tí ìwé ìwádìí náà sì jáde ní 2012, pé akọ kan abo kan ni wọ́n, kò sí ẹyọ ọmọ kan tí a bá lọ́wọ́ bàbá àlejò. Àwọn ìyàwó ilé yóò fẹ́ràn ìròyìn yìí. Ẹ jẹ́ kí a tètè padà sórí àdán.

Àdán oríṣiríṣi ni ó wà. Àwọn kékeré wà tí ń gbé inú àjà ilé, tí òórùn wọn kò jẹ́ kí ènìyàn sùn. Kì í ṣe wọn ni mò ń sọ. Èyí tí mò ń sọ ni àdán ńlá, tí irun ọrùn rẹ̀ pọ́n bí koríko gbígbẹ, tí ojú rẹ̀ dà bí ti ajá kékeré, tí ó sì lè ṣí apá rẹ̀ tó mítà mẹ́ta nínú mẹ́rin. Èso àti omi òdòdó ni oúnjẹ rẹ̀: ọ̀pọ̀tọ́, ìrókò, ìbẹ́pẹ, máńgòrò, èso dóńgóyárò, òdòdó àràbà. Kì í mu ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Lọ́sàn-án, orí igi gíga ni ó ń sùn pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pàápàá láàárín ìlú ńlá. Ẹni tí ó bá ti kàwé ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ kò nílò kí n sọ fún un bí ariwo wọn ti rí. Àwọn àgbà ní àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ. Ó wá yí padà báyìí: àwa ni a ń wo ìṣe àdán.

Ní Accra, àwọn igi tí ó wà ní hospital àwọn ọmọ ogun tí a ń pè ní 37 ni àdán kún fọ́fọ́. Ìtàn kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ, pé ọba kan ni wọ́n gbé wá sí hospital náà láti ìlú rẹ̀, àwọn àdán ìlú náà sì tẹ̀lé e wá. Ọba kú, wọn kò gbà pé ó kú, wọ́n ń dúró dè é títí di òní. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jókòó ka àwọn àdán náà rí ohun tí ó tako ó: wọn kì í dúró. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n lè pọ̀ tó ọ̀kẹ́ àìmọye, bí òjò bá sì ti rọ̀ dáadáa, orí igi á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ní Côte d'Ivoire, ìwádìí tí ó jáde ní 1983 fi hàn pé bí òjò bá ti ń gòkè lọ sí ilẹ̀ ọ̀dàn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àdán ń tẹ̀lé e gòkè, nítorí ibẹ̀ ni èso ń pọ̀ sí nígbà náà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọ́n á padà sínú igbó kìjikìji. Àwọn darandaran ń tẹ̀lé koríko, àdán ń tẹ̀lé èso.

Báwo ni ibi tí wọ́n ń lọ ti jìnnà tó? Ní orílẹ̀-èdè Zambia, igbó kékeré kan wà ní Kasanka. Láti oṣù October sí December ni àdán ń péjọ síbẹ̀, àwọn tí wọ́n sì ṣírò wọn sọ iye wọn di mílíọ̀nù 5 sí mílíọ̀nù 10. Àwọn olùwádìí méjì, Richter àti Cumming, so ẹ̀rọ tí ń bá sátẹ́láìtì ojú ọ̀run sọ̀rọ̀ mọ́ mẹ́rin nínú wọn lára. Ìwé tí wọ́n kọ jáde ní 2008. Àwọn àdán náà kọrí sí àríwá, wọ́n wọ ilẹ̀ Congo, ọ̀kan nínú wọn sì fò ju 2,000 kílómítà lọ kí ìròyìn rẹ̀ tó dákẹ́. Ẹranko tí kò wúwo tó ìdajì kílò! Kò ní ìwé ìrìnnà, ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè kankan kò sì bi í léèrè ohun tí ó gbé.

Bẹ́ẹ̀ ohun tí ó gbé pọ̀. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Bí àdán bá jẹ èso, ó ń gbé kóró rẹ̀ mì, ó sì ń yà á bí ó ti ń fò lọ. Ní Ghana, Abedi-Lartey àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ sí àwọn àdán Accra àti Kumasi lára, wọ́n sì wo iye wákàtí tí kóró ń lò nínú ikùn. Wọ́n rí i, ní 2016, pé kóró kékeré lè rin ìrìn 75 kílómítà kí ó tó bọ́ sílẹ̀. Ẹ fa okùn tààrà láti Mápó dé Ilé-Ifẹ̀, nǹkan bí bẹ́ẹ̀ ni yóò jẹ́. Kò sí ẹyẹ inú igbó wa tí a mọ̀ tí ń gbé kóró jìnnà tó báyìí. Ní 2019, àwọn kan tún ṣírò iṣẹ́ tí gbogbo àdán Accra ń ṣe nígbà tí wọ́n tó nǹkan bí 150,000. Wọ́n ní wọ́n ń fọ́n ju 300,000 kóró igi lọ ní òru kan ṣoṣo, èyí tí ó tó láti sọ 800 hẹ́kítà ilẹ̀ gbígbẹ di igbó padà láàárín ọdún kan. Ta ni ẹ gbà síṣẹ́ tí ó lè ṣe èyí? Èló ni ẹ ó san fún un?

Ìrókò ni mo tilẹ̀ fẹ́ sọ jù. Àwọn ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ ní àdúgbò Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ, tí ikán kò lè jẹ láti ayé àwọn bàbá wa, ìrókò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn ará ìgbàanì bẹ̀rù igi yìí, wọ́n ní iwin ń bẹ nínú rẹ̀, ẹni tí yóò gé e á kọ́kọ́ rúbọ. Wọ́n tún ń sọ pé ènìyàn kì í gbin ìrókò, pé ó ń dá hù ni. Lóòótọ́, ó jọ bẹ́ẹ̀. Kóró rẹ̀ kéré púpọ̀, ó sì máa ń hù níbi tí kò sí ìyá rẹ̀ nítòsí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Daniel Taylor ń wá olóko tí ń gbin ìrókò ní Ghana ní nǹkan bí ọdún 1999, àdán ńlá yìí ni ó bá nídìí ọ̀rọ̀ náà. Òun ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú kóró ìrókò kúrò nídìí ìyá rẹ̀ lọ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Igi tí ó hù nítòsí ìyá rẹ̀, kòkòrò a máa ba ewé rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ta pákó ìrókò lónìí, àdán ni ó ń gbin ọjà fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ku ìbéèrè kejì, ti ẹ̀jẹ̀. Alison Peel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ àti awọ apá lára àdán ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, láti Ghana ní ìwọ̀-oòrùn títí dé Tanzania ní ìlà-oòrùn. Wọ́n ka DNA wọn, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2013. Láàárín ibi méjì tí wọ́n jìnnà sí ara wọn tó 4,500 kílómítà, wọn kò rí odi kankan. Àdán Ghana ń fẹ́ àdán Uganda, ọmọ wọn ń fẹ́ ọmọ Zambia, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí gbogbo wọn fi di ìdílé kan ṣoṣo tí ẹ̀jẹ̀ wọn dàpọ̀. Ẹ rántí pé láti Ìbàdàn dé Mẹ́kà, bí ọ̀kọ̀ òfuurufú bá lọ tààrà, kò tó 4,500 kílómítà. Àwọn onímọ̀ ní nínú gbogbo ẹranko tí ń fún ọmọ lọ́mú tí a ti wádìí irú èyí lára rẹ̀, kò sí èyí tí ìdílé rẹ̀ tóbi tó báyìí. Òkun nìkan ni ó pín wọn. Ní àwọn erékùṣù São Tomé, Príncipe àti Annobón, tí wọ́n jìnnà sínú òkun, àdán ibẹ̀ ti dá dúró, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tiwọn. Ṣùgbọ́n Bioko, tí kò jìnnà sí etí òkun Cameroon, wọ́n ṣì ń bá àwọn ará ilẹ̀ ńlá dàpọ̀.

Kí ni èyí já sí fún ẹni tí ń gbé Bẹẹrẹ? Ó já sí pé kò sí ohun tí a lè pè ní àdán Ìbàdàn. Èyí tí ó jẹ gúáfà yín lánàá lè ti sùn ní orílẹ̀-èdè mìíràn ní oṣù tó kọjá. Ohunkóhun tí ó bá sì wà lára ọ̀kan, gbogbo wọn ni ó lè kàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìlera ti wọlé nìyẹn, n kò sì ní fi í pamọ́. Ní 1956, wọ́n mú àdán ńlá yìí ní Erékùṣù Èkó, wọ́n yẹ ọpọlọ wọn wò, wọ́n sì bá kòkòrò àrùn kan tí ojú lásán kò lè rí níbẹ̀. Boulger àti Porterfield kọ nípa rẹ̀ ní 1958. Wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ Èkó, orúkọ náà ni ó sì ń jẹ́ káàkiri ayé. Ọdún méjìlá lẹ́yìn tí wọ́n rí ti Èkó, ó kan Ìbàdàn. Ní 1968, àwọn oníṣẹ́ ìwádìí yunifásítì wa níbí rí kòkòrò àrùn mìíràn lára asín tí wọ́n mú ní Mọ́kọ́lá, wọ́n sì pe òun náà ní Mokola. Bí ẹ bá ṣí ìwé àwọn dókítà ní Japan tàbí ní Jámánì, ẹ ó rí orúkọ àdúgbò wa níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohun tí a lè fi yangàn. Nígbà tí ó fi di 1970, wọ́n ti mọ̀ pé ti Èkó àti ti Mọ́kọ́lá jẹ́ ìbátan àrùn dìgbòlugi, èyí tí ajá fi ń bu ènìyàn jẹ tí ó sì ń pa á. Títí di ìgbà náà, dìgbòlugi nìkan ni wọ́n rò pé ó dá wà láyé. Ti Mọ́kọ́lá ti kọlu ọmọdé méjì ní ilẹ̀ wa, ọ̀kan ní 1968, èkejì ní 1971, èkejì sì kú. Ti Èkó, tí ó wà lára àdán, kò tíì sí ẹnì kan tí a mọ̀ pé ó mú.

Ẹ má sáré ṣẹ̀rù. Ní Ìdànrè, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún àdán, àwọn ọkùnrin a máa wọ inú ihò àpáta lọ mú àdán pẹ̀lú ọwọ́ wọn. Àdán inú ihò ni wọ̀nyẹn, kì í ṣe ti orí igi, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wọ́n. Àwọn olùwádìí lọ síbẹ̀ ní 2010 àti 2013. Nínú ẹ̀jẹ̀ ju ìdajì àwọn àdán náà lọ, wọ́n rí àmì pé ara wọn ti bá àrùn inú ẹbí Èkó àti Mọ́kọ́lá jà rí. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tí wọ́n yẹ̀ wò, wọn kò rí àmì náà lára ẹyọ ẹnì kan. Ṣùgbọ́n nínú 203 ènìyàn tí àdán ti kàn lára rí, 3 péré ni ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Èyí ni ó bà mí lẹ́rù ju àdán lọ.

Nítorí náà, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ. Àdán tí ó bá já bọ́ sílẹ̀ ní ọ̀sán gangan, kí wọ́n má ṣe gbé e ṣeré, àìsàn lè wà lára rẹ̀. Èso tí ó bá ti jẹ kù, ẹ má ṣe gé ibi tí eyín kàn dànù kí ẹ jẹ ìyókù, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù. Ẹni tí àdán bá bù jẹ tàbí tí ó fi èékánná họ, kí ó fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó sì gba hospital lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Kí ó má ṣe lọ fi àgbo sí i kí ó wá máa wo ojú ọ̀run.

Àwọn kan á ní, bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gé gbogbo igi wọn, kí a lé wọn lọ. Lọ sí ibo? A ti rí i pé ìdílé kan ni wọ́n láti etí òkun kan dé èkejì. Èyí tí a lé ní Ìbàdàn yóò bá ti Ifẹ̀ sùn lórí igi kan náà ní ọ̀la, àrùn kò dín ní ẹyọ kan. Ẹni tí ó gun igi lọ lé e, tàbí tí ó pa á tí ó sì ń fi ọwọ́ lásán ṣán ìyẹ́ rẹ̀, òun gan-an ni ó sún mọ́ ẹ̀jẹ̀ àti eyín rẹ̀ jù.

Bẹ́ẹ̀ ni pípa wọn ń gbilẹ̀. Ní gúúsù Ghana, ìwádìí tí ó jáde ní 2011 ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 128,000 àdán ni a ń tà fún jíjẹ lọ́dún. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹ lọ sí ọjà Bódè kí ẹ wo ohun tí ó wà lórí àtẹ àwọn lẹ́kulẹ́ja. Ní ti jíjẹ rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn yàtọ̀ síra lórí rẹ̀, kí olúkúlùkù bi àáfà rẹ̀. N kò ní fi ìwé ìròyìn dá ẹjọ́ náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìyá àdán kan kì í bí ju ọmọ kan lọ lọ́dún, ó sì ń gbé ọmọ náà mọ́ àyà fò. Kì í ṣe ehoro. Ní Kampala, àfonífojì kan wà tí wọ́n ń pè ní Àfonífojì Àdán. Nǹkan bí 250,000 ni wọ́n kà níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Nígbà tí wọ́n tún kà wọ́n ní 2007, ó ku nǹkan bí 40,000. Bí ẹ̀jẹ̀ wọn bá sì jẹ́ ọ̀kan, a kò lè sọ pé àdánù Kampala nìkan ni, ìyẹn ti kúrò nínú àwọn tí ì bá fọ́n kóró sórí oko wa.

Ẹni tí gúáfà rẹ̀ bá ká lára, kí ó máa ká a nígbà tí ó bá gbó tí kò tíì pọ́n, kí ó fi sínú apẹ̀rẹ̀ nínú ilé, yóò pọ́n síbẹ̀. Ẹni tí igi rẹ̀ kò ga, kí ó fi àwọ̀n bò ó ní àṣálẹ́, kí ó dè é le dáadáa kí àdán má bàa há sínú rẹ̀, kí ó sì ká a kúrò bí ilẹ̀ bá mọ́. Àwọn èso orí téńté tí ọwọ́ kò tó, kí ó fi wọ́n sílẹ̀ fún àlejò.